Ẹ Jẹ́ Ká Dá Ṣọ́ọ̀bù Oúnjẹ Tiwa Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará àdúgbò, onílé àti ayálégbé, ẹ̀yin ìyá tó ń gbé báàgì lọ sí ọjà Bódìjà láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yin bàbá tí wọ́n ń pè lórí fóònù pé gàrí ti tán nílé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá. Mi ò ní pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún yín. Ẹ ti gbọ́ ọ jù, àwọn tó sì máa ń pa á fún wa lákòókò ìbò kì í sábà rántí wa mọ́ bí wọ́n bá ti wọlé tán.

Ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ níwájú dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Obìnrin tó ń ra ẹ̀wà ní kóńgò kóńgò ti mọ̀ kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Oṣù Keje ọdún yẹn ni wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, owó náà kò sì ra àpò ìrẹsì ńlá kan tán ní ọ̀pọ̀ ọjà.

Kí ni àwa fi dá a lóhùn? A dúró de páliétíìfù. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn èèyàn jáde lọ gba ìrẹsì ọ̀fẹ́ ní Àbújá àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra, àwọn kan nínú wọn kò padà sílé. Ní Ìbàdàn wa níbí, ní Baṣọ̀run, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá tí wọ́n ti ní wọn yóò fún àwọn ọmọdé lẹ́bùn. Mi ò bá òbí kankan wí. Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò ní jókòó sílé nígbà tí wọ́n bá ní ẹ wá gbà. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi, mo sì ń bi ẹ̀yin náà: ṣé ibi tí a ti máa tò ni a ó máa wá kiri títí ayé?

Àwọn àgbà wa rántí ọdún 1984, nígbà tí wàrà, ṣúgà àti Omo ìfọṣọ di ohun tí a ń tò fún láti ìdájí. Ẹ̀sẹ́ńkò là ń pè é. Ẹni tó mọ ẹnìkan ló ń rí i gbé lọ sílé. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, orí ìlà kan náà la ṣì wà.

Ohun tí mò ń pè yín sí ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó jẹ́ pé àwọn tó ń rajà níbẹ̀ gan-an ló ni ín. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ọlọ́lá kan, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dá ìwọ̀nba owó, owó náà á lọ ra ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti òróró ní iye tí wọ́n ń tà á ní ọlọ́pọ̀, a ó sì wá máa rà á lọ́wọ́ ara wa.

A ti mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni kò tíì dá àjọ rí? Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, gbogbo wọn ló ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn, tí ẹgbẹ́ náà ń kó ìrẹsì àti òróró wá bí Kérésì bá kù dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Nígbà Iléyá, a máa ń da owó pọ̀ ra màlúù, a ó sì pín in lójú gbogbo wa. Obìnrin mẹ́ta máa ń da owó pọ̀ ra àpò ẹ̀wà kan. Ohun tó kù ni pé bí a bá ti pín in tán, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ó di ọdún mìíràn. Ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni mo ní ká máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ní ìwé, kó ní òfin, kó ní ilẹ̀kùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan òyìnbó nìyí, kò purọ́ tán. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, nílùú Rochdale ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 28 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Toad Lane. Pọ́n-ùn 28 ni owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ́nì pẹ́nì ni wọ́n sì dá a. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ótì àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà, ìwọ̀nba ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọlọ́jà mìíràn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àwọn èèyàn máa wá ni pé ojúlówó ni ọjà wọn, òṣùwọ̀n wọn sì pé. Lásìkò yẹn, ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọlọ́jà po álọ́ọ̀mù tàbí ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun kó lè funfun, kó sì lè wúwo.

Ẹ wá wo tiwa. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ mọ epo pupa tó pọ́n ju bó ṣe yẹ kó pọ́n lọ. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí aró Sudan tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn. Ẹ sì mọ ẹ̀wà tí wọ́n fi Sniper, oògùn apakòkòrò, pamọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tí àwa wá ń sè fún ọmọ jẹ. Pípariwo lé ọlọ́jà lórí kò ní dá èyí dúró. Ẹni tó máa jẹ nínú ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ ni kò ní da oògùn sí i. Àpò kan wà fún ìpamọ́ ẹ̀wà báyìí, onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde, PICS ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá dì í pa dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú láìsí oògùn kankan. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ìpamọ́ irè oko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìlọrin mọ̀ nípa irú ìpamọ́ báyìí, ẹ lọ bi wọ́n. Owó àpò náà ju ti àpò lásán lọ, ó sì kéré sí owó ilé ìwòsàn.

Àwọn ará Rochdale tún ṣe òfin kan tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù gbogbo ohun yòókù lọ: owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń tajà. Wọn kì í ta àwìn.

Àìlówó kọ́ ló ń pa ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwìn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí, kó má baà ṣe yín ní kàyéfì. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á ní, "Ṣebí èmi náà ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí?" Alága á gbé àpò ìrẹsì kan, á ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé á rí i, òun náà á gbé. Màmá ìjọ á rán ọmọ wá gba òróró, ta ni yóò kọ̀ fún màmá ìjọ? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìwé àwìn á ti nípọn ju ìwé ọjà lọ. Àwọn tó ń fi owó rajà á dé, wọn ò ní bá nǹkan lórí pẹpẹ, wọ́n á padà sí Bódìjà. Lẹ́yìn náà la ó wá máa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣeé ṣe láàárín àwa Yorùbá.

Ó ń ṣeé ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a gbé ìjà àgbà lé ọmọdé lórí. Ọmọbìnrin ogún ọdún tó ń tajà kò lè wojú bàbá tó jù ú lọ kó ní, "Rárá, sà." Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kò gbà á láyè, inú wa kò sì ní dùn bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú òfin lọ́jọ́ tí ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí alága buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ pé òun gan-an kò gbọ́dọ̀ gbàwìn. Bí àgbàlagbà bá wá dé, ọmọ yẹn á kàn nawọ́ sí ògiri, á ní, "Ẹ má bínú, mà, Bàbá Alága ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Ẹni tí owó rẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, ọlọ́kadà, aláṣọ òkè, ìyá tó ń ta àkàrà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá owó oúnjẹ ṣáájú, ₦500 lónìí, ₦1,000 lọ́la, bí alájọ ṣe ń gbà á. Bó bá ti pé, kí wọ́n wá gbé ẹrù. Àjọ ṣáájú, ẹrù lẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà tí àwìn ń gbà ni, àmọ́ a yí orí rẹ̀ padà, gbèsè kò sì sí nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ìyọnu gidi bá dé bá, àìsàn tàbí ikú nínú ilé, kí ẹgbẹ́ ya owó kékeré kan sọ́tọ̀ tí ìpàdé ń fọwọ́ sí. Kí ó má jẹ́ láti inú owó ọjà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ronú lórí ẹni tó máa kówó lọ. Ó tọ́ kí ẹ ronú rẹ̀. Alájọ ti sá lọ ní àdúgbò púpọ̀ nígbà tí ọdún kù ọ̀la, kì í ṣe ìtàn àlọ́. Àmọ́ kò sí ìwé tí àwọn tó dájọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò, fóònù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní. Ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ wà ní báǹkì, kí èèyàn mẹ́ta máa buwọ́ lù ú kí ó tó jáde. Lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ máa lẹ ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iye tí a ra àpò kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ àti ti alábàárù, iye tí à ń tà á. Kí ọmọ kékeré tó lè kàwé lè kà á fún ìyá rẹ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe akápò nítorí pé ó lówó tàbí nítorí pé ó ń gbàdúrà dáadáa. Ẹ wá ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1993 ní èèyàn mẹ́wàá tó láti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní ọ́fíìsì tiwọn tó ń rí sí i. Ìforúkọsílẹ̀ ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè wá yẹ ìwé owó wò, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ó pe ẹni tó bá ṣe màgòmágó sí. Nínú ìpàdé, ìbò kọ̀ọ̀kan ni kálukú ní. Ẹni tó ra ṣíà ogún àti ẹni tó ra ẹyọ kan, ọgbọọgba ni wọ́n. Níbí yìí, oníkẹ̀kẹ́ lè dìbò yọ ọ̀gá rẹ̀ nípò.

Èrè ńkọ́? Bí ẹni ṣe rajà sí la fi ń pín in, kì í ṣe bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ sí. Ká ní ṣọ́ọ̀bù jèrè ₦1,000,000 lọ́dún. Òfin ní kí ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ sínú àpò ìpamọ́, ìyẹn ₦250,000. Ó ku ₦750,000. Bó bá jẹ́ pé ₦15,000,000 ni gbogbo ọjà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rà lọ́dún náà, náírà márùn-ún ló máa padà sọ́wọ́ yín lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ra ọjà ₦400,000 á gba ₦20,000. Kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọlọ́jà kan fún mi tó ń dá owó padà fún yín ní ìparí ọdún.

Ẹnìkan wà tí mi ò fẹ́ ká ṣẹ̀: ìyá oníkíóòsì tó wà ní ìkóríta. Òun ló ń ta Maggi ẹyọ méjì fún wa ní aago mẹ́wàá alẹ́, òun ló ń bá wa wo ọmọ tó ti ilé ìwé dé kí a tó dé. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ bá wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí a ṣe kò dára. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó di ọmọ ẹgbẹ́, kó máa ra àpò àti páálí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní iye ọlọ́pọ̀, dípò kó máa wọkọ̀ lọ sí ọjà Àgbẹ́ni tàbí Ògúnpa. Kí ẹgbẹ́ má ta ẹyọ, kó fi ẹyọ sílẹ̀ fún un. Òun náà sì mọ ọjà ju gbogbo wa lọ. Bí mo bá ní kí n yan ẹni tó máa lọ bá wa rajà, òun ni mo máa kọ́kọ́ yàn, kí ẹ sì san owó ọjọ́ rẹ̀ fún un.

Mo ti sọ̀rọ̀ owó púpọ̀, owó nìkan sì kọ́ ló mú mi jáde. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé. Ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ìbílẹ̀: ó gbẹ́ kànga rẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó gba ọdẹ rẹ̀, ó mọ fẹ́ǹsì rẹ̀ ga. Ọdún méje lẹnìkan lè gbé ní òpópónà kan kó má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ojúlé kejì, àyàfi "Bàbá onímọ́tò pupa." Ìpàdé onílé tí à ń ṣe, ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà ni. Bí iná bá ti dé, a ti túká.

Ọjà ló ń mú àwọn Yorùbá mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ló sì ń mú wọn fọkàn tán ara wọn. Ẹni tí ẹ jọ ṣe àáró, tó bá yín kọ ebè ní oko yín, ẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ kàn ń kí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa bá ṣọ́ọ̀bù wọn ṣiṣẹ́. Ní Brooklyn nílùú New York, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń jẹ́ Park Slope Food Coop, láti ọdún 1973 ló ti wà. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló sì lè rajà níbẹ̀. Bó bá ti kan kálukú, á wá ṣiṣẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀: á já ẹrù, á gbálẹ̀, á jókòó gbowó. Lọ́yà ń to àlùbọ́sà, olùkọ́ ń ge wàràkàṣì. Owó òṣìṣẹ́ tí wọn kò san ló jẹ́ kí ọjà wọn rọjú. Lọ́dọ̀ wa, wákàtí méjì lóṣù tó. Ẹ wo irú ìkíni tó máa wà láàárín bàbá onímọ́tò pupa àti ọmọ Haúsá tó ń ṣọ́ ilé kejì, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti jọ wọn gàrí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Àwọn baba wa ti ṣe èyí nídìí kòkó. Lọ́dún 1907, àwọn olóko Agége, tí J. K. Coker wà lára àwọn aṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn máa fi ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dún 1935, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ oníkòkó ti mọ adùn kí èèyàn má dá nìkan lọ bá òyìnbó tó ń ra kòkó. Nígbà tó di 1953, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní báǹkì tirẹ̀ níbí ní Ìbàdàn. Báǹkì náà ti wọnú òmíràn nígbà ìdàpọ̀ báǹkì ọdún 2005 sí 2006. Mi ò mẹ́nu bà á kí ẹ lè sunkún. Mo ń fi yé yín pé àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì gba ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á san owó ilé ọdún méjì, wọ́n á ra fíríìsà, wọ́n á kọ orúkọ gàdàgbà sára pátákó, owó ọjà á tán. Lọ́dún 1965, nílùú Tokyo, nǹkan bí igba ìyá ilé ní Setagaya kó owó jọ, wọ́n ra bí 300 ìgò wàrà, wọ́n pín in. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló di Seikatsu Club, tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ lónìí. Ní tiwa, gáréèjì ẹnìkan tó, kóńgò kan tí gbogbo wa wọ̀n tó, àti ìwé kan.

Ẹ pe ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé tí kò sí ayẹyẹ. Kí olúkúlùkù mú ìwé wá tó kọ ohun tó rà lóṣù tó kọjá sí, iye tó rà á, àti ọjà tó ti rà á. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Kí ẹnìkan ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹnu á yà yín láti gbọ́ pé ilé méjì tó dojú kọra ra àpò ìrẹsì kan náà ní iye tó yàtọ̀, tí ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì gbé e wá. Kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta tó wà nínú ìwé gbogbo yín, àwọn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó túká sì ni kí ẹ gba owó rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó san sílẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni méjì tó máa bá ìyá oníkíóòsì lọ sí Bódìjà láàárọ̀ Mọ́ńdè.